Orúkọ Alájà Lórí Ìwé Ìbò

Ẹ kú àárọ̀ ni ìlú Toulouse nílẹ̀ Faransé kọ́kọ́ fi dójú tì mí. Nínú lífítì ilé gogoro tí mo wọ̀ sí, mo kí ọkùnrin kan, mo kí ìyàwó rẹ̀, mo sì béèrè àlàáfíà ọmọ tó wà nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé, gbogbo rẹ̀ ní èdè Faransé tí mo há sórí láti ilé. Ọkùnrin náà wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ fa kẹ̀kẹ́ ọmọ mọ́ra. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, wọ́n jáde ní àjà tí kì í ṣe tiwọn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe tiwọn, nítorí mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ gun àtẹ̀gùn lọ.

Èmi tí wọ́n tọ́ dáadáa ní Abẹ́òkúta, tí bàbá mi jẹ́ olùkọ́, tí ìyá mi ń kọ́ àwọn èwe ní Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi ni wọ́n sá fún bí ẹni tó fẹ́ jà wọ́n lólè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pa ẹnu mọ́ nínú lífítì. Ẹni tó bá mọ ará Ẹ̀gbá á mọ̀ pé ìyà ńlá nìyẹn.

Olùkọ́ lèmi náà kí n tó kúrò nílé. Nígbà tí mo dé ọ̀hún, aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì ni mò ń fọ̀. Ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ èmi ni mò ń kó o wọlé, èmi ni mò ń kó o jáde, èmi náà ni mò ń ká a. Bí ìyá mi, tí wọ́n rò pé aláìsàn ni mò ń tọ́jú, bá pè mí láti Aké, wọ́n á ní, “Iṣẹ́ ńkọ́?” Màá ní, “Iṣẹ́ ń lọ, mà.” Wọ́n á ní, “Àwọn tí ò ń tọ́jú ńkọ́?” Màá ní ara wọn le. Irọ́ kọ́ náà, àlejò òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n, mi ò sì gbọ́ pé ọ̀kankan nínú wọn kú. Bí mo bá ti gbé fóònù sílẹ̀ tán, màá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, màá máa wo ògiri. Èèyàn wà lókè mi, èèyàn wà nísàlẹ̀ mi, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wúkọ́, ẹnikẹ́ni kò sì mọ orúkọ mi.

Odile ni ẹni àkọ́kọ́ tó dá ìkíni mi padà nínú ilé yẹn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, àjà kejì ló ń gbé, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́. Ọjọ́ tó rí mi tí mo ń yẹ lẹ́tà ìjọba kan wò bí ẹni ń wo ẹja tó ti jẹrà, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó sì jókòó pẹ̀lú mi lórí àtẹ̀gùn títí tó fi yé mi. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bá àwọn iléeṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọjọ́ tí mo fúnra mi bá àwọn oníná fa ọ̀rọ̀ ní Faransé, tí wọ́n sì bẹ̀ mí, ó ṣe mí bíi kí n jó yíká yàrá. Mo sì jó náà.

Ẹnì kejì ni Alájà Múnírátù. Ohùn wọn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n ń bá ẹnì kan jà lórí fóònù lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ní, “Kánádà kẹ̀? Òtútù ibí ni mo mọ̀. Kí n tún wá lọ máa bẹ̀rẹ̀ òtútù míì?” Ẹsẹ̀ mi dúró gbagidi. Mo kan ilẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ kú ilé o, mà.” Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “Ọmọ ta ni ẹ́?” Kò sí ẹni tó tíì bi mí ní ìbéèrè yẹn látìgbà tí mo ti dé.

Ọmọ ilé aláṣọ ni Alájà, láti Ṣàpọ́n. Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ṣe dàgbà nílẹ̀ Faransé, ọmọ wọn ló sì wà ní Kánádà tó ń pè wọ́n pé kí wọ́n máa bọ̀. Wọn ò dá a lóhùn. Orúnkún wọn kò dára mọ́, gbogbo ayé wọn kò ju ilé gogoro yẹn àti òpópónà iwájú rẹ̀ lọ: mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà ní kọ̀rọ̀, ilé oògùn tí wọ́n ti mọ̀ wọ́n, obìnrin Àlùjíríà tó ń gbé búrẹ́dì wá fún wọn, àti Odile, tó máa ń yà wo bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ti rí kó tó lọ wa bọ́ọ̀sì. Wọ́n máa ń pè é ní ọmọ mi. Odile kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ó kàn ń jẹ́ ẹ ni.

Ilé yẹn ni ìgbìmọ̀ ìlú ní àwọn fẹ́ wó. Wọ́n ní ó ti gbó, àti pé àwọn á pín àwa ayálégbé káàkiri, àwọn mìíràn nínú wa sí ìlú kéékèèké tí bọ́ọ̀sì kì í dé bọ̀rọ̀. Nígbà tí ìdìbò mẹ́yọ̀, olórí ìgbìmọ̀ náà, wá ń sún mọ́lé, ẹgbẹ́ mẹ́yọ̀ tó wà lórí àga ní wíwó ni àwọn á wó o. Ẹgbẹ́ kejì ní títúnṣe ni àwọn á tún un ṣe, Odile sì wà lára àwọn tí ẹgbẹ́ kejì yìí fà kalẹ̀ fún ìgbìmọ̀ ìlú. Wọ́n dìbò lẹ́ẹ̀kíní, kò sí ẹgbẹ́ tó rí ju ìdajì ìbò lọ. Bí wọ́n ṣe fẹ́ dìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ìlú ló ń sọ pé kò sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò já sí.

Èmi ti gba ìwé ọmọ onílùú ṣáájú, àmọ́ Alájà ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ onílùú ni, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí wọ́n ti lò níbẹ̀. Ìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí sì ni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dì níbẹ̀, nítorí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n jáde lọ́jọ́ ìṣáájú. Mo lọ kọ́ wọn lórí tábìlì wọn.

“Ẹ mú ìwé ẹgbẹ́ méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ èyí tí ẹ fẹ́. Wọ́n á fún yín ní àpòòwé. Ẹ wọ ibi tí wọ́n ta aṣọ sí, ẹ fi ti Odile sínú àpòòwé náà, ẹ fi èkejì sínú báàgì yín. Ẹ jáde, ẹ jù ú sínú àpótí.”

“Ó tán?”

“Ó tán, mà.”

“Kò sí nǹkan míì tí èèyàn á ṣe sí i?”

“Kò sí.”

Alájà pòṣé. “Ìbò wọn gbẹ o.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi kò sí níbẹ̀ mọ́, ó ti wà níbi iṣẹ́ tèmi. Odile ti fi orúkọ mi sílẹ̀ láti wà lára àwọn olùdìbò tó máa jókòó tú àpòòwé nígbà tí ìdìbò bá parí. Èmi, tí wọ́n sá fún nínú lífítì! Mo pe ìyá mi, mo sọ fún wọn. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ti ń sọ ọ́ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pé àwọn Faransé ò lè ka ìbò wọn láìsí ọmọ àwọn níbẹ̀.

Gbọ̀ngàn ìjẹun ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ibùdó ìdìbò wa. Àwa mẹ́rin la jókòó sí tábìlì kan: ẹnì kan ń tú àpòòwé, èmi ń ka ohun tó wà nínú rẹ̀ sókè, àwọn méjì ń sàmì. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ló lè wá dúró wò ó. Odile wà lẹ́bàá fèrèsé. Alájà náà wá, wọ́n fi ìborùn funfun wọn bo orí, wọ́n jókòó sórí àga kékeré tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò, ayọ̀ sì wà lójú wọn. Obìnrin kan tó wọ kóòtù eléérú, aṣojú ẹgbẹ́ mẹ́yọ̀, ń rìn lẹ́yìn wa bí olùkọ́ nígbà ìdánwò.

Mo ka ti ẹgbẹ́ Odile. Mo ka ti ẹgbẹ́ mẹ́yọ̀. Ohùn mi ń dún ketekete, mo sì ń gbádùn ara mi. Ni mo bá tú ìwé kan, mo sì rí i tí bíró búlúù kún ẹ̀yìn rẹ̀. Èdè Yorùbá ni. Kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀, àmọ́ mi ò nílò àmì láti mọ ẹni tó kọ ọ́.

“Láti ọwọ́ Alájà Múnírátù, Ṣàpọ́n, Abẹ́òkúta. Odile ọmọ mi, ojú ò ní tì ẹ́ láéláé. Ilé wa ò ní wó. Àmín.”

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ń kówó jọ nílé, ìbáà ṣe láti kọ́ mọ́ṣáláṣí, ìbáà ṣe láti tún òrùlé ilé ìwé ṣe, ta ni í gbé àpòòwé lásán kalẹ̀? Èèyàn á kọ orúkọ rẹ̀ sí i, á kọ àdúrà sí i. Adarí ètò á gbé e sókè, á pe orúkọ, ẹni tó ni ín á na ọwọ́, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó bá gbé àpòòwé kalẹ̀ láìkọ orúkọ, àfi bíi pé ó ń sá fún nǹkan. Wọ́n wá fún Alájà ní àpòòwé, wọ́n ní kí wọ́n fi nǹkan sínú rẹ̀ fún ọmọ wọn. Kí ni wọ́n rò pé Alájà á ṣe? Àpòòwé náà kéré, wọ́n bá kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé.

Nílẹ̀ Faransé ẹ̀wẹ̀, ìwé ìbò tí èèyàn bá kọ ohunkóhun sí ti di òfo. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ta ìbò rẹ̀ lè fi àmì sí i, kí ẹni tó rà á lè mọ̀ pé ó ti jíṣẹ́.

“Màdáàmù, kí ló dé tí ẹ dákẹ́?” Ọ̀gá ibùdó ló béèrè.

Obìnrin kóòtù eléérú ti bẹ̀rẹ̀ wò ó lórí èjìká mi. “Èdè wo nìyí? Ṣé ẹ gbọ́ ọ?”

Mo ní mo gbọ́ ọ.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún wa,” ọ̀gá náà wí.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Mo pe orúkọ yẹn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àmọ́ kò sí ẹni tí kì í gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Alájà di ògiri mú, wọ́n dìde lórí àga kékeré náà, wọ́n na ọwọ́ sókè. “Èmi rèé o! Èmi ni!” Wọ́n yí sọ́tùn-ún, wọ́n yí sósì, kí gbogbo èèyàn lè rí wọn. Ẹ̀rín sọ. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́, mi ò mọ̀ bóyá yẹ̀yẹ́ ló fi ń ṣe. Alájà tẹrí ba dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún.

“Ṣé ẹ rí i?” Obìnrin kóòtù eléérú kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. “Ó sàmì sí i kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ti ṣe é. Ta ló rán an? Kí ni wọ́n fún un?” Ó sì yíjú sí Odile. Gbogbo gbọ̀ngàn náà yíjú sí Odile. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata.

Mo ṣàlàyé. Mo ní àṣà wa ni, mo ní àdúrà lásán ni, Faransé mi sì ń wó lulẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀gá náà gbọ́ mi tán, ó ní kí n máa ka ìwé ìbò lọ. Kò pẹ́ ni òmíràn jáde, bíró búlúù kan náà, láti ọwọ́ obìnrin kan tí òun àti Alájà jọ ń kírun. Alájà ti fún un ní ìmọ̀ràn, bíró wọn náà ló sì lò. Nígbà tí ìkẹta jáde, ọ̀gá ibùdó kò ní kí n túmọ̀ mọ́, ó kàn na ọwọ́ gbà á.

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ yẹn ni mo gbà wọ́n gbọ́. Ojú tì mí nítorí Odile. Ojú tì mí nítorí awọ ara mi, tó jẹ́ irú ti Alájà, tí gbogbo èèyàn fi ń wò wá papọ̀. Èyí tó burú jù ni pé Alájà ń rẹ́rìn-ín sí mi láti ìdí ògiri, tí wọ́n ń mi orí. Faransé wọn kò ju ti ẹnu ọjà lọ, wọ́n sì rò pé èmi ni mo ṣètò rẹ̀ tí orúkọ wọn fi jáde.

Ẹgbẹ́ mẹ́yọ̀ ló wọlé. Àlàfo tó wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì kéré débi pé wọ́n ní wọ́n máa tún un yẹ̀ wò, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò yí padà. Ìbò àwọn ìyá mẹ́ta kò tó láti gba ìlú ńlá bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá mọ ìṣirò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti tàn kálẹ̀ ládùúgbò pé Odile ra ìbò lọ́wọ́ àwọn ìyá aláwọ̀ dúdú. Mo rí i nínú lífítì lọ́jọ́ kejì. Ó kí mi. Èmi ni mi ò lè dá a lóhùn.

Ìyá mi pè. “Ta ló wọlé?”

“Ẹgbẹ́ mẹ́yọ̀, mà. Àwọn tiwa kọ́.”

“Wọ́n gbé àpótí sá lọ ni?”

“Rárá o.”

“Àwọn jàǹdùkú dé?”

“Mọ́mì, kò sí jàǹdùkú.”

“Kí ló wá mú ohùn rẹ rẹ̀ báyìí? Ṣebí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi láti Ṣàpọ́n. Alájà ti pe gbogbo ilé wọn, pé o pe orúkọ àwọn láàárín àwọn òyìnbó. O ṣe é re, ọmọ mi. Bó ṣe yẹ kí ọmọ Ẹ̀gbá máa gbé àgbà ga nìyẹn.”

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni Alájà wá kan ilẹ̀kùn mi. Wọ́n gbé àdìrẹ kan lọ́wọ́, àdìrẹ àtijọ́ tí ìyá tó bí wọn pa láró fúnra rẹ̀. Wọ́n ní kí n gbà á. “Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.”

Mi ò lè gba aṣọ yẹn. Mo wò ó, mo wo ojú wọn, mo ní, “Alájà, wọn ò fi ìbò yín kún un.”

“Ìbò ta ni?”

“Tiyín, mà. Orúkọ tí ẹ kọ sí i ló bà á jẹ́. Òfin wọn ni. Wọ́n ní bóyá Odile ló fún yín lówó.”

“Èmi? Wọ́n fún èmi lówó?”

“Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn.”

“Odile gbọ́ ọ?”

“Ó wà níbẹ̀, mà.”

Wọ́n ká àdìrẹ náà sí méjì, wọ́n tún un ká sí mẹ́rin. “Èmi ni mo tún wá na ọwọ́ sókè yẹn,” wọ́n wí. Wọ́n sì lọ.

Láti ọjọ́ náà, Alájà kò jáde. Obìnrin Àlùjíríà gbé búrẹ́dì wá, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọn ò lọ kírun. Mo kan ilẹ̀kùn, wọ́n ní àwọn ń sùn. Lẹ́tà ìjọba ti dé pé ìlú báyìí báyìí ni wọ́n máa gbé Alájà lọ, ìlú tí kò sẹ́ni tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Mo rí lẹ́tà náà lábẹ́ ilẹ̀kùn wọn, wọ́n ti já a kà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ilé ni mo ti ń kọ èyí, ní Abẹ́òkúta, mo wá lo ìsinmi. Lánàá ni mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Kuto, ẹni tí mi ò mọ̀ rí ní, “Ẹ kú ìrìn o, ẹ kú ewu ọ̀nà,” omi sì bọ́ lójú mi láàárín gáréèjì. Àwọn èèyàn ń bi mí léèrè bí ìbò wọn ṣe rí lọ́hùn-ún, mo máa ń yí ọ̀rọ̀ padà. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ìwé ìrìnnà ló ń sọni di ọmọ ìlú kan. Mo wá rí i pé ojú kì í ti èèyàn nítorí ẹni tí kò kàn án. Ojú ti ń tì mí nítorí Alájà, ojú ti ń tì mí nítorí Odile, tí ìgbésí ayé rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí tèmi. Àwọn méjèèjì ló ni mí nígbà náà, mi ò sì mọ ibi tí mo lè gbé ìyẹn sí.

Ó ku díẹ̀ kí n wálé ni Odile wá sọ́dọ̀ mi ní Toulouse. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun rí Màmá, kí n jẹ́ ká lọ wò wọ́n. Mo ní ṣé kò bínú ni? Ó ní ta lòun fẹ́ bínú sí, ìyá tó gbàdúrà fún òun? A jọ gun àtẹ̀gùn lọ. Mo kan ilẹ̀kùn. “Alájà, èmi ni. Odile wà pẹ̀lú mi.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kí kọ́kọ́rọ́ tó yí. Alájà ti gbẹ. Odile na ọwọ́ méjèèjì láti dì mọ́ wọn, àmọ́ Alájà di férémù ilẹ̀kùn mú, wọ́n sọ orúnkún kan kalẹ̀, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sọ èkejì kalẹ̀. Mo kígbe. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí i kí ẹni tó tó ìyá ìyá mi kúnlẹ̀ fún ẹni tó tó ọmọ ọmọ rẹ̀.

“Odile ọmọ mi,” wọ́n ń wí, “mo dójú tì ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Má jẹ̀ẹ́ kí n kó ìtìjú yìí lọ sí ibi tí wọ́n ń gbé mi lọ.”

Odile kò gbọ́ Yorùbá tí wọ́n sọ. Ó wo ilẹ̀, ó wo Alájà, lójijì òun náà sì kúnlẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá orí kápẹ́ẹ̀tì. “Kí ló já bọ́ lọ́wọ́ wọn? Ṣé yẹtí ni? Ṣé oògùn wọn ni? Sọ fún mi ohun tó sọnù.”

Àwọn méjèèjì gbé ojú sókè wò mí, wọ́n ń retí kí n túmọ̀. Mo kúnlẹ̀ sí àárín wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá Odile fọwọ́ wá ilẹ̀.